Àyẹ̀wò ìwé ìgbélùú pípẹ́: èwo ló dúró de ẹni tó bá rìnrìn àjò?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ìlú òkèèrè fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń san owó orí, tí wọ́n sì ń tọ́mọ níbẹ̀, láìgba ìwé ọmọ onílùú. Kì í ṣe pé ọkàn wọn kò sí níbi tí wọ́n wà. Ọmọ Íńdíà tàbí ọmọ Ṣáínà mọ̀ pé bí òun bá fi lè gba ìwé ọmọ ilẹ̀ mìíràn, ti ilẹ̀ òun bọ́ nìyẹn, nítorí òfin wọn kò fàyè gba jíjẹ́ ọmọ ilẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn kò kàn fẹ́ búra fún ilẹ̀ mìíràn ni, ìyẹn náà sì tó ìdí. Irú wọn ni ìwé ìgbélùú pípẹ́ wà fún, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí àjèjì máa gbé ìlú láìní gbèdéke, láìdi ọmọ onílùú. Mo yẹ ìwé náà wò gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn fi owó àti ọdún gígùn rà lọ́wọ́ ìjọba, mo sì fi ìbéèrè kan ṣe òṣùwọ̀n jù lọ: bí ẹni tó ni ín bá kúrò nílùú pẹ́ díẹ̀, ṣé yóò ṣì lè fi í wọlé nígbà tó bá dé?

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a yin ohun tó yẹ ká yìn. Ẹni tó ń fi físà iṣẹ́ gbélùú, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ìdúró rẹ̀ wà. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìgbélùú náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìwé ìgbélùú pípẹ́ já okùn yẹn. Ẹni tó bá ní i lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó wá òmíràn, ó lè dá òwò sílẹ̀, ó lè padà sílé ẹ̀kọ́, ó sì lè ṣàìsàn fún oṣù púpọ̀ láìbẹ̀rù pé lẹ́tà kan yóò dé tí yóò ní kí ó máa lọ. Lójú tèmi, àǹfààní yìí nìkan tó ohun tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀.

Ìrìn àjò ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé, àìsàn òbí kì í sì í wo kàlẹ́ńdà kó tó dé. Green card, ìwé ìgbélùú pípẹ́ ti Amẹ́ríkà, lókìkí ju ti gbogbo ìlú yòókù lọ, síbẹ̀ òun ni mo kà sí èyí tó nira jù fún ẹni tí ìdílé rẹ̀ pín sí ìlú méjì. Bí ènìyàn bá kúrò ju 180 ọjọ́ lọ, òfin lè kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti wọlé. Bí ó bá ju ọdún kan lọ, káàdì náà nìkan kò tó láti fi wọlé mọ́, àfi tó bá ti gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé, èyí tó lè tó ọdún 2, tó sì jẹ́ pé inú Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tó bá ń tọrọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè sílé lójijì kì í sábà ráyè ṣe èyí. Iye oṣù nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń wò. Ohun tí aṣọ́bodè fẹ́ mọ̀ ni bóyá Amẹ́ríkà ṣì ni ilé ẹni náà: níbo ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbo ni ìdílé rẹ̀ ń gbé, ṣé ó ń san owó orí bí olùgbé? Nítorí náà, ẹni tó kàn ń yà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún lè pàdánù rẹ̀ láìtíì pé ọdún kan níta rí. Bí wọ́n bá gbé ìwé I-407, fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ń yọ̀ǹda ìgbélùú pípẹ́ rẹ̀, síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò di dandan kó fọwọ́ sí i. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú adájọ́ ìgbélùú.

Ti Kánádà yé mi ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìṣirò ni. Ẹni tó bá lo 730 ọjọ́ ní Kánádà láàárín ọdún 5 ti ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe, ìbáà jẹ́ ní ìdá wẹ́wẹ́; ọjọ́ tó bá sì lò lókè òkun pẹ̀lú ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ Kánádà wọ inú ìṣirò náà. Ènìyàn lè jókòó tì bàbá tó ń ṣàìsàn fún ọdún méjì, kó sì mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè ọdún 2 gba ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àṣẹ àìlọ́jọ́, ìyẹn ìwé ìgbélùú pípẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àṣẹ náà pa rẹ́. Ti Jámánì máa ń bọ́ lẹ́yìn oṣù 6 níta, èyí tí mo rí pé ó kéré jù fún ìwé tí a pè ní pípẹ́, àyàfi tí ènìyàn bá gba irú èyí tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2003 dá sílẹ̀, tó fàyè oṣù 12 gba ni lẹ́yìn òde Àjọ náà.

New Zealand ló borí. Físà olùgbé tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fúnni ní gbèdéke lórí ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé orí ti olùgbé pípẹ́ lè jáde kó sì wọlé láìsí ọjọ́ ìparí kankan. Láàárín gbogbo èyí tí mo yẹ̀ wò, òun nìkan ni mo lè sọ pé ó ṣe gbogbo ohun tí orúkọ rẹ̀ ṣèlérí.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú láìnídìí: ọjọ́ tí a tẹ̀ sára káàdì. Ti Amẹ́ríkà máa ń lo ọdún 10, ti Kánádà ọdún 5, ṣùgbọ́n bí káàdì bá parí, ẹ̀tọ́ ìgbélùú kò tíì parí. Ẹ̀rí rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Ọsirélíà ló yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kò lópin níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ìlú, àmọ́ àṣẹ láti jáde kó sì padà wọlé máa ń parí lẹ́yìn ọdún 5, àfi tó bá gba físà ìpadà olùgbé.

Ti ìbò, ibi púpọ̀ ni kò fún olùgbé pípẹ́ láyè. New Zealand tún ṣe dáadáa níhìn-ín, torí pé lẹ́yìn ọdún kan tí ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀, ó lè dìbò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní àṣẹ ìgbélùú láyè láti dìbò yan aṣòfin. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ dìbò fún ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé e kúrò nílùú. Kí ẹni tó bá ń kún fọ́ọ̀mù ìwé ìwakọ̀ níbẹ̀ ṣọ́ra gidigidi, nítorí wọ́n máa ń béèrè lórí fọ́ọ̀mù yẹn bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Kò sì sí ìwé ìgbélùú kan tó dáàbò bo ni bí ìwé ọmọ onílùú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tó láti mú kí òfin ọdún 2007 ní kí wọ́n dá àjèjì padà sílé, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀.

Ìkùnà tó bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni ti ẹ̀rí. Àwọn ará Commonwealth tó ti fìdí kalẹ̀ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 tó dé ní ẹ̀tọ́ àìlọ́jọ́ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni a kò fún ní ìwé kankan. Nígbà tó di pé agbanisíṣẹ́, onílé àti ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé, àwọn kan pàdánù iṣẹ́, wọ́n ti àwọn kan mọ́lé, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò nílùú tí wọ́n ti gbé láti kékeré. Ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà tú síta tí ìjọba fi tọrọ àforíjì. Ní báyìí, ìjọba kan náà ti gbé ẹ̀rí kúrò lórí káàdì. Ọ̀pọ̀ káàdì náà ni ọjọ́ wọn parí ní ìparí ọdún 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkọsílẹ̀ wà, kóòdù tí ènìyàn sì ń fún agbanisíṣẹ́ láti fi wò ó máa ń ṣiṣẹ́ fún 90 ọjọ́. Ó yára, kì í sọnù bíi káàdì, mi ò sì bú u. Síbẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀. Nítorí náà, kí olúkúlùkù tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi fún un ní àṣẹ, ìwé owó orí àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ àtijọ́ síbi kan tí ọmọ rẹ̀ náà mọ̀.