Fasilíìnì funfun fún ara tó pọ́n, tó ń bó láti orí dé ẹsẹ̀: ibi tó ti wúlò àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Èyí tí kò ní òórùn rárá là ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ni ẹni tí erythroderma mú: awọ ara gbóná, ó pọ́n, ó ń bó, àìsàn náà sì ti bo ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ara. Lára ẹni dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ara á kàn dúdú sí i tàbí kó rí bí elése àlùkò. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wo ìpẹ́ tó ń já sórí bẹ́ẹ̀dì.

Awọ tó ń bó kì í lè dá omi àti ooru dúró. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń gbọ̀n lọ́sàn-án gangan, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí ọkàn sì ń ṣiṣẹ́ àṣekú. Fasilíìnì dára gan-an níbí, torí ó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lára. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pọ̀: àgbàlagbà máa ń lo nǹkan bíi 30 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 60 lóòjọ́ bó bá ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ike 250 gíráàmù kò ju ọjọ́ 4 lọ. Fífi ṣóńṣó ìka ra ara lásán kò ṣe nǹkan kan.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kó fi wẹ̀, láìlo ọṣẹ dúdú tàbí Dettol. Ẹ fi tówẹ̀lì tẹ omi náà díẹ̀, kí ẹ sì fi fasilíìnì pa á kí ara tó gbẹ. Ẹ máa fà á síhà ibi tí irun ara dojú kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú irun á dí, eéwo á sì yọ. Ṣíbí tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi bù ú. Aṣọ tó ti mu fasilíìnì sì tètè ń gbiná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àbẹ́là àti sítóòfù jìnnà sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń lẹ̀, ó sì ń mú ooru pọ̀ nígbà tí iná ò bá sí.

Fasilíìnì ò sì lè wo ohun tó fa àìsàn náà sàn. Psoriasis (àìsàn tó ń mú kí awọ nípọn, kó sì máa yọ ìpẹ́) tàbí ẹ́kísímà tó ti pẹ́ lára ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Àwọn oògùn kan náà lè fà á: carbamazepine tí wọ́n ń fún oníwárápá, allopurinol tí wọ́n ń lò fún gáòtì, co-trimoxazole (Septrin). Jẹjẹrẹ kan tó ń bá awọ ara jà lè fara hàn báyìí. Kíríìmù olóògùn mẹ́ta tí wọ́n ń tà lọ́jà ò lè rọ́pò fasilíìnì: stẹ́rọ́ìdì inú rẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ara tó wú tàbí tó pọ́n rọlẹ̀, á wọlé sára jù bó ṣe yẹ, torí awọ ti bó. Abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì ti kẹ́mísìtì tún burú jù. Bó bá jẹ́ psoriasis ni, ó lè rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó sì padà dé pẹ̀lú ọyún lára gbogbo.

Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn, pàápàá bí ibà bá mú un tàbí tí èémí rẹ̀ ń já. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó lò láàárín oṣù 2 sẹ́yìn dání, kí ẹ sì sọ àgbo tó mu.