Kámẹ́rà tí ẹ ó rà fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti ń yàwòrán dáadáa: ìfiwéra láti Kétu

Télọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé kàn ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ó rí i tó lóṣòó, tó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti bá ojú ènìyàn mu. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, ẹbí dá owó jọ pé kí a ra kámẹ́rà fún un. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá a.

Mo kọ́kọ́ ṣì í rà. Ní Kùtọnú, wọ́n fi ọ̀kan hàn mí, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán, wọ́n kọ mẹ́gápíkísẹ́lì 16 gàdàgbà sí i lára, ìyẹn iye àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán. Mo sanwó, mo gbé e fún un kó dán an wò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi ya ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì fi fóònù ya ohun kan náà. Ó gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ti fóònù, òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́ hàn ketekete. Ti kámẹ́rà ṣú, ó sì rí bíi pé ẹnìkan bu iyanrìn sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọmọlúàbí, ó dá a padà sínú páálí, kò sì mú un jáde mọ́. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà.

Ohun tó fà á kò le. Nínú kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀ wà, ìyẹn pátákó kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kò ju mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ, àwọn fóònù ńlá kan sì ti ní èyí tó tóbi jù ú. Fóònù tún ní ọgbọ́n tí kámẹ́rà náà kò ní: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á ya àwòrán mélòó kan léraléra, á sì dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ fi mẹ́gápíkísẹ́lì sílẹ̀, ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní ínǹṣì 1 jẹ́ mìlímítà 13.2 sí 8.8, ó tó ìlọ́po mẹ́rin ti kékeré yẹn. APS-C, tó jẹ́ nǹkan bíi 23.5 sí 15.6, tún ju ìlọ́po mẹ́ta ti ínǹṣì 1 lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí fóònù ẹni náà ń kùnà láti ṣe. Fún àbúrò mi, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa mọ̀ pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde kọrin, kí ijó ọ̀sán tó tẹ̀lé e. Iná kò pọ̀, ènìyàn kò lè sún mọ́ ọn bó ṣe wù ú, Ẹ̀fẹ̀ kì í sì í dúró kí ẹ ya òun. Àbúrò mi á fi ìka méjì fa ojú fóònù kí àwòrán lè sún mọ́ ọn, gbogbo iṣẹ́ ọnà tí agbẹ́gilére ṣe sára igi tí Ẹ̀fẹ̀ gbé sórí á sì dà bí ọ̀gì. Fífà yẹn kì í ṣe ti lẹ́ńsì, fóònù kàn ń gé àárín àwòrán, ó ń fẹ̀ ẹ́ ni.

Àwọn márùn-ún tí mo fi wéra nìyí. Lábẹ́ Lẹ́ńsì, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń fa ohun mọ́ra tó: bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohun á ṣe sún mọ́ ọn tó. Èyí tó ní f ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, ihò náà tóbi.

| Kámẹ́rà | Ọdún tó jáde | Sẹ́ńsọ̀ | Lẹ́ńsì | Gíráàmù |
|---|---|---|---|---|
| Sony RX100 III | 2014 | ínǹṣì 1 | 24–70, f/1.8–2.8 | 290 |
| Canon G7 X Mark II | 2016 | ínǹṣì 1 | 24–100, f/1.8–2.8 | 319 |
| Panasonic TZ100 | 2016 | ínǹṣì 1 | 25–250, f/2.8–5.9 | 312 |
| Ricoh GR III | 2019 | APS-C | 28, f/2.8 | 257 |
| OM System TG-7 | 2023 | ínǹṣì 1/2.3 (kékeré, 6.2 sí 4.6) | 25–100, f/2–4.9 | 249 |

Sony tàbí Canon? Ibí ni mo ti pẹ́ jù, torí ìbejì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Méjèèjì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa lóru. Sony ní ihò kan tó ń yọ sókè tí ènìyàn lè fi ojú kan wò, ohun iyebíye sì ni lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ojú kámẹ́rà kò bá hàn mọ́. Ẹ tún lè fi wáyà kékeré so ó mọ́ páwà báǹkì kí bátìrì rẹ̀ gbaná. Ṣùgbọ́n bí ẹ fi ìka kan ojú rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Ẹni tó ti ń lo fóònù láti ọdún mẹ́wàá á kọ́kọ́ fi ìka kan ojú ohun tó ń yà, kó tó rántí pé bọ́tìnì wà. Canon ń gbọ́ ìka. Lẹ́ńsì rẹ̀ sì dé 100, ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ fún ẹni tó dúró lẹ́yìn èrò.

Panasonic ló ń fa ohun ọ̀nà jíjìn mọ́ra jù, ó sì dára fún eré bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fà á dé òpin, ihò lẹ́ńsì á ti kéré sí f/5.9, alẹ́ á sì borí rẹ̀.

Àwòrán Ricoh ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Kò ní súùmù, kò ní fíláàṣì, àwòrán bíi 200 ni bátìrì rẹ̀ sì ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtirìn sún mọ́ ènìyàn, tó ń kí wọn kó tó yà wọ́n, á gbádùn rẹ̀. Ẹ̀rù eruku ló bà mí. Eruku máa ń wọ inú rẹ̀ títí dé orí sẹ́ńsọ̀, ẹ sì mọ bí ilẹ̀ pupa Kétu ṣe ń rí nígbà ọyẹ́.

TG-7 ni tiẹ̀, eruku kò wọ inú rẹ̀, ó ń wọ omi dé mítà 15, bó bá sì jábọ́ láti mítà 2.1, kò ní fọ́. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ fún lẹ́bùn bá ń bá àwọn apẹja jáde lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), òun ni kí ẹ rà. Fún òru, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré.

Bí àwòrán á ṣe dé inú fóònù. Ẹ má fojú kéré èyí. Bí àwòrán kò bá tètè bọ́ sórí WhatsApp, ẹni náà á pa kámẹ́rà tì. Márààrún tó wà lókè ní Wi-Fi. RX100 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012 kò ní in, orúkọ rẹ̀ sì jọ ti àwọn àbúrò rẹ̀ débi pé wọ́n lè tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka káàdì mọ́ ọn, èyí tó ń wọ ẹnu fóònù tààrà. Ó yá ju Wi-Fi lọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù. Ẹ tàn án, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì jáde kó sì wọlé bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, iyanrìn ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ihò lẹ́ńsì kéré dé ibi tó lè kéré mọ, ẹ ya ojú ọ̀run, kí ẹ wá ààmì dúdú, ìyẹn eruku orí sẹ́ńsọ̀. Ẹ ṣí mẹ́nù: Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan kì í sábà ní èdè mìíràn ju èdè Japan lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yí i sí Faransé. Bó bá jẹ́ ará Faransé ló ń bá yín rà á, yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í lọ sókè, kì í wálẹ̀. Yúrò 400 á jẹ́ 262,383.

Canon la rà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló mú un bọ̀ láti Faransé. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ tún jáde, àbúrò mi kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó pa fíláàṣì, ó dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Nínú ọ̀kan lára àwòrán tó yà, ẹ ó rí ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ igi náà, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Bátìrì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ owó bátìrì kejì sọ́tọ̀ kí ẹ tó máa nájà kámẹ́rà.