Ẹ̀mú Eegun Kéékèèké: Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó, Eléyín àti Oníhò, Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹ ṣí ìwé ọjà èyíkéyìí tó wà fún irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ eegun, ẹ̀mú ló máa kún ojú ewé bámúbámú. Gbogbo wọn ń dán, wọ́n sì jọra débi pé ẹni tí kò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ rí á rò pé èyí tó wọ́n jù ló dáa jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ra odindi àpótí, tí wọ́n á wá máa lo méjì péré nínú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti eegun ìka, àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀, ohun méjì lèmi ń kọ́kọ́ wò: ẹnu ẹ̀mú náà, àti ohun tó fi ń ti ara ẹ̀ pa. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe kò ju pé kó mú eegun tó ṣẹ́ padà sí ààyè ẹ̀, kó sì dì í mú síbẹ̀ títí dókítà á fi ri wáyà, síkúrù tàbí irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Bí ẹnu kò bá dáa, kò ní mú un. Bí ìtìpa kò bá dáa, kò ní dì í mú, tàbí kó tilẹ̀ fọ́ ọ sí i.

Ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti eléyín

Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ọ̀pọ̀ ìwé ọjà ń pè ní Weber. Apá ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ wọnú bí ìwo màlúù, orí kọ̀ọ̀kan sì mú bérébéré. Ojú ibi méjì péré ló ń fara kan eegun, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo eegun wà lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú ẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá bó awọ yẹn kọjá ààlà kí ẹ̀mú lè ráyè, eegun náà lè pẹ́ kó tó jiná. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó kò béèrè àyè tó bẹ́ẹ̀. Ihò kékeré lára ẹran ara tó o.

Ibi tó ti dáa jù ni eegun tí ojú ibi tó ti ṣẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí èyí tó ṣẹ́ lọ́lọ́ yí ara eegun ká. Ẹ fi orí kan sí apá ìhín, ẹ fi ìkejì sí apá ọ̀hún, kí ìfúnpọ̀ náà dá ojú ibi tó ṣẹ́ lábùú. Bí ẹ ṣe ń fún un, àlàfo tó wà láàárín á máa pa dé. Bí ìfúnpọ̀ náà bá wọ́, ńṣe ni eegun méjèèjì á yọ̀ kọjá ara wọn. Eegun tó ṣẹ́ ní ìdábùú gbọọrọ kì í sábà gbọ́ tirẹ̀, torí kò sí ibi tó lè ti fún ojú méjèèjì pọ̀. Bákan náà ni eegun àgbàlagbà tí agbára ti tán nínú ẹ̀: orí ṣóńṣó lè rì wọ inú ẹ̀ kí ó tó mú ohunkóhun.

Eléyín ní tiẹ̀ ń gbá eegun mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, eyín wẹ́wẹ́ inú ẹnu ẹ̀ á sì di ara eegun mú kó má yọ̀. Òun ni ẹ máa fẹ́ bí ẹ bá ní láti fa eegun, yí i, tàbí di irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń lu ihò síkúrù. Irú tí wọ́n ń pè ní Verbrugge gbajúmọ̀ fún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn: ẹnu kan gùn, ó tẹ̀ wọ abẹ́ eegun, èkejì á dúró lórí irin. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà. Ẹ gbọ́dọ̀ la àyè sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì eegun kó tó wọlé, àyè sì nìyẹn tí kò sí ní ìka ọwọ́, níbi tí iṣan ti lẹ̀ mọ́ eegun pẹ́kípẹ́kí. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kó máa gbé ní ọrùn ẹsẹ̀ àti apá, kó má dé ìka. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ta Kern fún yín fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ máa lọ. Eegun ńlá bíi ti itan ni wọ́n ṣe é fún.

Ti ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Fún ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ẹ wá èyí tó gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 sí 10. Èyí tó wà ní bíi 13 sí 14 dáa fún àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti tó 18, eegun tó tóbi ju ìwọ̀nyí lọ ni kí ẹ fi í mú, torí apá gígùn ń sọ agbára ọwọ́ di púpọ̀, eegun ìka kò sì lè gba agbára bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi gígùn nìkan ṣe. Ẹ bi olùtà léèrè bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń la tó.

Oníhò

Irú kẹta yìí, apá kan ẹ̀ jẹ́ ọ̀pá oníhò tí wáyà lè gbà kọjá tààrà, kí dókítà lè gún wáyà wọlé láìtú ẹ̀mú náà. Bí ẹ bá ń fi wáyà de eegun láti òde awọ, ó ń gba àkókò là. Bí ẹ kì í bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ rí i dájú pé ihò náà bá wáyà yín mu, torí wáyà 0.8 milimítà á máa mì nínú ihò tí wọ́n ṣe fún 1.6. Ihò tóóró náà tún ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ láti fọ̀ ọ́.

Ìtìpa: onípele tàbí onínọ́ọ̀tì

Onípele ni èyí tó ń dún “kẹ́, kẹ́, kẹ́” bí ẹ ṣe ń pa á dé. Ọwọ́ kan tó fún un, ó yá, ó sì rọrùn láti tú. Àléébù ẹ̀ wà láàárín ìró kan sí èkejì. Ní ìpele kẹta, eegun ṣì lè máa mì. Ní ìkẹrin, ó ti fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Lára eegun ọrùn ẹsẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn lè máà jẹ́ nǹkan kan. Lára èrúnrún eegun ìka tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹ̀wà lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀kan ti ń di méjì.

Onínọ́ọ̀tì kò ní ìpele. Ẹ ń fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá tí ìlà yí ká bíi ti síkúrù, ibi tí ẹ bá sì dúró sí ló máa dúró. Àmọ́ ó ń fẹ́ ọwọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbẹ sínú ìlà ọ̀pá náà. Fún ìka, òun lèmi máa mú. Fún ọrùn ẹsẹ̀, onípele tí eyín ẹ̀ wẹ́ tó.

Irin tí wọ́n fi ṣe é

Àwọn kan gbà pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti fa ẹ̀mú, ayédèrú ni, pé irin tí kì í dípẹtà kò yẹ kó gbọ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì. Òdìkejì ló sún mọ́ òtítọ́. Irin tí kì í dípẹtà pín sí oríṣi, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Irin 420 tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀mú tó dáa ṣeé mú le nínú iná, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń fà á. Irin 304 tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ fà kì í ṣeé mú le bẹ́ẹ̀, ẹnu ṣóńṣó tí wọ́n bá fi ṣe á tètè kú. Ìlànà ISO 7153-1, láti ọ̀dọ̀ àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ọjà, ló to irú irin tó yẹ fún irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní kí olùtà kọ ọ́ sí ìwé. Titanium, irú mẹ́táàlì mìíràn, fúyẹ́ ju irin lọ, mágínẹ́ẹ̀tì kò sì fà á, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ kì í le tó ti irin 420. Irú tí wọ́n fi ike líle tàbí carbon fibre (okùn káábọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ike lẹ̀ pọ̀) ṣe wà pẹ̀lú, kó má bàa bo eegun mọ́lẹ̀ nínú àwòrán X-ray. Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Nígbà tí ẹrù bá dé

Ẹ pa ẹnu ẹlẹ́nu ṣóńṣó dé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú iná mànàmáná. Orí méjèèjì gbọ́dọ̀ ko ara wọn lójú gan-an. Bí ọ̀kan bá gun ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa onípele dé sí ìpele àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìdí ẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́ yín pẹ́pẹ́. Èyí tó bá fúnra ẹ̀ tú, ó máa tú lọ́wọ́ dókítà náà. Ẹ yẹ oríkèé ẹ̀ wò: èyí tí apá kan gba inú èkejì kọjá kì í tètè mì, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń sá pamọ́ síbẹ̀, torí náà ẹ ṣí i sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ àti nígbà tó bá wà nínú ótókléèfù, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi tó ní kílóríìnì, bíi ti bílíìṣì, tàbí omi iyọ̀, ó máa ń dá irin lápá wẹ́wẹ́, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó sanwó: ìtọ́sọ́nà ẹni tó ṣe é lórí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ àti bí ẹ ṣe máa fi ooru pa kòkòrò ara ẹ̀, bóyá ní ìwọ̀n 134 °C tàbí 121 °C, àti fún ìṣẹ́jú mélòó. ISO 17664 ló ní kí wọ́n máa fún oníbàárà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ má ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí owó bá mọ níwọ̀n, èmi á ra ẹlẹ́nu ṣóńṣó kékeré onínọ́ọ̀tì méjì àti ẹlẹ́nu ṣóńṣó sẹ̀ǹtímítà 13 onípele méjì, kí n tó fi eléyín kan kún un. Méjì-méjì torí pé ẹnu ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ó ṣeé pọ́n, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pọ́n ọn ni ó ń kúrú sí i. Ọjọ́ tí orí méjèèjì kò bá ti ko ara wọn lójú mọ́ níwájú iná, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwo irinṣẹ́.