Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rọ Amúnáwá Kékeré Tó Ń Fi Omi Ṣiṣẹ́
Ẹ̀rọ amúnáwá yìí kò nílò epo: omi odò ni a ń fi páìpù darí wá láti ibi gíga, tí agbára rẹ̀ yóò sì máa yí abẹ̀bẹ̀ irin tó ń mú iná jáde. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni iná ń pọ̀ tó, nítorí náà kí ẹni tí odò rẹ̀ máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn má wulẹ̀ rà á. Asẹ́ ẹnu páìpù rẹ̀ wù mí jọjọ, torí pé ẹja kéékèèké kò lè gba ojú rẹ̀ wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé máa ń dí i. Kò sì béèrè ìsédò ńlá tí ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí igi jíjẹrà ti ń tú gáàsì mẹtéènì, èyí tó ń mú kí ayé gbóná sí i, sí afẹ́fẹ́.