Káàdì Àkọ́kọ́ ti Wayne Gretzky: Ṣé ti O-Pee-Chee ni Kí Ẹ Rà, àbí ti Topps?

Ẹni tó bá ti pinnu pé káàdì àwòrán àkọ́kọ́ ti Wayne Gretzky, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbá-họ́kì ará Kánádà, ni òun fẹ́ rà yóò tètè rí i pé káàdì méjì ni ọjà ń pè bẹ́ẹ̀. Àwòrán kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì, nọ́ńbà 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀, etí búlúù ló yí wọn ká, sáà 1979-80 ni wọ́n sì jáde. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Topps ní Amẹ́ríkà. Èkejì jẹ́ ti O-Pee-Chee, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe súìtì àti ṣíńgọ́ọ̀mù nígbà náà ní ìlú London ní Ontario, Kánádà, tó gba àṣẹ lọ́wọ́ Topps láti máa tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Kánádà. Owó wọn kò sún mọ́ra rárá. Ti O-Pee-Chee wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Ti Topps kan ti gba ọwọ́ mi kọjá rí, èmi àti ẹni tó tà á fún mi kò sì kí ara wa mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹni tó wà lójú káàdì, nítorí òun gan-an ni a ń sanwó fún. Ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1961 ni wọ́n bí Gretzky ní Brantford ní Ontario, níbi tí Walter bàbá rẹ̀ ti máa ń da omi sí ẹ̀yìnkùlé nígbà òtútù kí ó lè di yìnyín tí ọmọ náà yóò fi kọ́ eré họ́kì. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó di agbá-họ́kì olówó oṣù lọ́dọ̀ Indianapolis Racers nínú líìgì WHA, ṣùgbọ́n ìdíje 8 péré ló gbá níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà, tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó tà á fún Edmonton Oilers. Ní 1979, WHA kógbá sílé, ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú rẹ̀ sì wọ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Edmonton wà lára wọn. Sáà yẹn ni àwọn káàdì méjèèjì yìí jáde. Góòlù 51 àti ìrànwọ́ góòlù 86 ni ó ní, àpapọ̀ àmì 137, iye kan náà pẹ̀lú Marcel Dionne, ẹni tó gba Art Ross, ife-ẹ̀yẹ ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé góòlù tirẹ̀ jẹ́ 53. Gretzky gba Hart, ife-ẹ̀yẹ agbá-họ́kì tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ní tirẹ̀. Wọn kò fún un ní Calder, ife àwọn ẹni tuntun, nítorí NHL ní ó ti gbá họ́kì olówó oṣù rí ní WHA. Líìgì sọ pé kì í ṣe ẹni tuntun, ọjà káàdì sọ pé káàdì ẹni tuntun rẹ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ ọjà ló sì borí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ó sọ páálí kékeré yìí di ohun ìnáwó: góòlù 92 ní sáà 1981-82, àmì 215 ní sáà 1985-86, ife-ẹ̀yẹ Stanley, ti ẹgbẹ́ tó borí ní NHL, mẹ́rin ní Edmonton, kí wọ́n tó tà á fún Los Angeles Kings ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1988. New York Rangers ló ti fẹ̀yìn tì ní 1999. Àwọn olùrà kan ti ń bẹ̀rù pé iye káàdì náà yóò wálẹ̀ láti ìgbà tí Alexander Ovechkin ti kọjá góòlù 894 rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹ̀rù yẹn kò bà mí. Àpapọ̀ àmì Gretzky jẹ́ 2,857, ìrànwọ́ góòlù rẹ̀ nìkan sì jẹ́ 1,963, nígbà tí Jaromir Jagr, tó tẹ̀ lé e nínú ìwé àkọsílẹ̀, ní àmì 1,921 lápapọ̀. Ìyẹn ni pé bí Gretzky kò bá tiẹ̀ gbá góòlù kankan sáwọ̀n rí, òun náà ni yóò ṣì wà lókè.

Ó wá ku etí káàdì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń bọ́ sọ́nù. Wáyà ni O-Pee-Chee fi ń gé páálí rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú káàdì rẹ̀ ni etí wọn rí jágajàga, tí fọ́nrán páálí yọ síta bí etí aṣọ tí a fọwọ́ ya. Ti Topps gún régé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú olùrà tuntun sì máa ń yára fà sí i. Ṣùgbọ́n etí tí ẹ̀rọ gé gún régé ní ilé-iṣẹ́ àti èyí tí ẹnì kan fi abẹ rẹ́ nínú yàrá rẹ̀ jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀. Inki búlúù tó wà létí káàdì yìí máa ń ṣí, funfun páálí á sì yọ, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Topps tí igun rẹ̀ ti funfun kò lè pa owó ńlá. Bí a bá fi abẹ rẹ́ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, funfun náà yóò lọ, owó rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po.

Irú rẹ̀ ni wọ́n tà fún mi. Nínú àwòrán tí òǹtajà náà fi ránṣẹ́, igun káàdì mú ṣáṣá, búlúù rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, ó sì búra pé láti inú páálí ṣíńgọ́ọ̀mù ni ó ti bọ́ sínú ike. Ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò dá a padà láìfún un ní máàkì kankan (máàkì yìí máa ń lọ láti 1 dé 10, 10 ló dára jù), wọ́n kọ ọ́ sí i pé ẹ̀rí wà pé a ti rẹ́ ẹ. Owó àyẹ̀wò kò ṣeé gbà padà, òǹtajà náà sì ní bí òun ṣe rà á ni òun ṣe tà á. Nígbà tí mo gbé e lé orí Topps mìíràn láti inú ọ̀wọ́ kan náà, tí mo sì wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ iná, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dé etí ti ìsàlẹ̀, ibi tí abẹ gbà sì funfun ju ẹ̀gbẹ́ yòókù tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí. Rúlà nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn káàdì kan tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láti ilé-iṣẹ́, ẹni tó bá sì rẹ́ irú wọn lè rẹ́ ẹ dé ìwọ̀n gan-an. Ẹ ra káàdì olówó pọ́ọ́kú kan láti inú ọ̀wọ́ náà kí ẹ máa fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ní ti O-Pee-Chee, ẹni tó bá rẹ́ ẹ yóò rẹ́ jágajàga náà dànù pẹ̀lú, nítorí náà èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gún régé jù ni kí ẹ fura sí.

Ayédèrú wà nínú méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Ẹ fi díńgí tó ń sọ nǹkan di ńlá wo lẹ́tà dúdú ojú káàdì: ti ojúlówó dúdú dán-indán-in, ti ayédèrú tí wọ́n dà kọ láti ara àwòrán jẹ́ àkójọ tóótòòtóó. Ẹ̀yìn káàdì rọrùn láti dá mọ̀, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni O-Pee-Chee fi kọ tirẹ̀, Topps fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní ti bí àwòrán ṣe dúró sí àárín, méjèèjì burú.

Ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ọ̀wọ́ jọ yóò rí Topps ní ìrọ̀rùn, nítorí káàdì 264 ni tirẹ̀, ti O-Pee-Chee sì jẹ́ 396. Gordie Howe, ògbólógbòó agbá-họ́kì, wà nínú méjèèjì ní nọ́ńbà 175, ẹni ọdún 51 tó gbá gbogbo ìdíje 80 fún ẹgbẹ́ Hartford ní sáà náà. Òun ni Gretzky fi ṣe àwòkọ́ṣe láti kékeré, nítorí rẹ̀ ni ó ṣe fẹ́ wọ nọ́ńbà 9. Nígbà tí ẹlòmíràn ti gba 9 ní ẹgbẹ́ Sault Ste. Marie tó ti gbá rí ni ó yà sí 99.

Ní ti owó, O-Pee-Chee máàkì 10 ti PSA, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, jẹ́ méjì péré. A gbọ́ dọ́là 465,000 ní 2016, mílíọ̀nù 1.29 ní oṣù Kejìlá 2020, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún 2021 a gbọ́ mílíọ̀nù 3.75. Irú èyí kọjá agbára àwa tí a ń ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ọkàn àwọn olówó wà hàn. Ní máàkì kan náà, O-Pee-Chee wọ́n ju Topps lọ. Ẹni tó bá fẹ́ O-Pee-Chee ní owó Topps gbọ́dọ̀ gba èyí tí máàkì rẹ̀ rẹlẹ̀.

Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra Topps. Bí ó bá ti wà nínú ike pẹ̀lú máàkì, tí nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì bá ti inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà mu, ọjà gidi ni, ó sì dára fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti èkejì. Ẹni tó bá ń ra èyí tí kò sí nínú ike ńkọ́? O-Pee-Chee tó lè gba máàkì 4 tàbí 5, tó jágajàga létí, tí igun rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, ni mo máa ń tọ́ka sí fún un. Kí ó tó sanwó, kí ó gba àwòrán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ òǹtajà, èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ iná, tí káàdì mìíràn láti inú ọ̀wọ́ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òǹtajà tó bá ní òun kò ráyè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí oṣù tí káàdì yìí kì í jáde ní ọjà gbàǹjo.