Kọ̀ǹpútà orí báísíkù mi, lẹ́yìn oṣù 7 pẹ̀lú táyà oríṣi méjì

Tí mo bá ń gba títì Mọ́níyà lọ sí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ 700x25 ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ báísíkù mi. Tó bá jẹ́ ọ̀nà abúlé tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀ ni, mo á tú ẹsẹ̀ méjèèjì, mo á fi àwọn tó ní táyà 700x40 rọ́pò wọn. Ibi tí wàhálà kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí mo ṣe rìn jìnnà tó àti bí mo ṣe ń sáré sí, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òòfà kékeré kan ló wà lára sípóòkì iwájú, sẹ́ńsọ̀ sì wà lára fọ́ọ̀kì. Bí òòfà bá ti kọjá báyìí, kọ̀ǹpútà ka ení. Ó tún kọjá, ó ka èjì. Kò mọ ọ̀nà rárá. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ló mọ̀, á wá fi àyíká táyà tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti ṣì, kò sí ohun tó máa bá yín sọ tó máa tọ̀nà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ní kì í gbà ju nọ́ńbà kan lọ. Kí n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, àfi kí n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́. Kìlómítà 1,840 tí mo fi òógùn gùn di òdo lójú mi, ó sì dùn mí wọra. Látìgbà náà n kò fọwọ́ kàn án mọ́, orí mìlímítà 2105 ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi í sí, táyà yòówù kó wà lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ lọ, a jọ bọ̀, táyà ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Fóònù rẹ̀ ní kìlómítà 60, tèmi ní 58.1.

Tuntun yìí ní ààyè méjì, A fún táyà tẹ́ẹ́rẹ́ àti B fún táyà ńlá. Ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ó ti bọ́ sí ìkejì, àpapọ̀ kìlómítà yín kò sì lọ síbì kankan. Torí èyí nìkan ni mo ṣe ra á, n kò sì kábàámọ̀ owó mi.

Ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí n tẹ 2200 fún táyà ńlá. Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Mo fẹ́ táyà dáadáa, mo kán ọ̀dà funfun tótó sí ojú táyà iwájú, mo gun báísíkù, mo sì jẹ́ kó yí lọ tààrà lórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé. Ààmì mẹ́rin ló fi sílẹ̀: ti àkọ́kọ́ ki, ti ìkẹyìn ò fẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Téèpù télọ̀ kò tó o, ti káfíńtà ni mo lọ yá. Láti ààmì kìíní dé ìkẹrin jẹ́ mìlímítà 6,522. Ẹ pín in sí 3, ó di 2174. Ara mi ló tẹ táyà mọ́lẹ̀ tó fi dín ní 26 sí tinú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà lórí ìjókòó kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 2098, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 2105. Nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi tún jọ jáde, fóònù rẹ̀ ní 60, tèmi ní 59.9. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Òòfà ẹyọ kan ni wọ́n fi sínú páálí, èyí kò dára tó fún ohun tí wọ́n ní ó wà fún ẹsẹ̀ iwájú méjì tí à ń pààrọ̀. Mo fi owó ara mi ra ìkejì. Tí òòfà bá sì jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ díẹ̀, ẹ máa rí òdo níbi tí ẹ ti ń sáré. Èyí tó tún ká mi lára ni pé kò lè dá mọ ẹsẹ̀ tó wà nídìí báísíkù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sínú ẹrẹ̀ tí mo bọ̀ lórí A. Ní báyìí, mo ti so òwú pupa mọ́ ẹnu fáàfù ẹsẹ̀ B, òun ni mo máa ń rí tí mo bá fẹ́ fẹ́ táyà, mo á sì tẹ bọ́tìnì.