Ilé síkáànù tí màmá mi ti ṣe MRI l'Ákúrẹ́: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ mú lẹ́tà dókítà dání

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń bèèrè ibi tẹ́ẹ lè ti ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, láì sáré lọ Ìbàdàn, lápá Alágbàká níbí ni màmá mi ti ṣe tiwọn, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tó wù mí jù ni pé wọn ò kàn ti màmá wọlé. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kọ́kọ́ ka lẹ́tà dókítà, ló bá ní "Mà, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìtọ̀ yín ṣì ń wá dáadáa?" ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà tó máa ka àwòrán. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn o, ẹni tẹ́yìn ń dùn tí ìtọ̀ ò wá mọ́, tàbí tí abẹ́ ẹ̀ ń kú tipiri, pàjáwìrì ni, ọsibítù ló ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá kan ò mú lẹ́tà wá, wọ́n ṣáà ní kí wọ́n ya gbogbo ẹ̀yìn àwọn wò, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ rí dókítà ná. Inú bí bàbá, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé MRI kì í lo ìtànṣán bíi ti X-ray, mágínẹ́ẹ̀tì ńlá àti ìgbì rédíò ló ń lò, omi inú ara wa ló sì fi ń ya àwòrán, ìyẹn ló ṣe ń rí iṣan àti dísìkì, ìyẹn nǹkan bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, kedere. Àmọ́ ó máa ń rí nǹkan jù nígbà míì. Ní 1994 àwọn dókítà kan l'Amẹ́ríkà fi ya ẹ̀yìn èèyàn 98 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá, 52% nínú wọn ni dísìkì wọn ti wú jáde. Ẹ̀yìn ò dùn wọ́n o!

Ohun tó fẹ́ dé bá màmá mi nìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn wọ́n, láti ìdí títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lóde. Dókítà ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà, kò tíì gòkè tán tí wọ́n fi kígbe "yéè!" Ó fi òòlù rọ́bà kékeré gbá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ ta, ó gbá tòsì, kò mira. Ó fi òwú pa á ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ló bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé iṣan S1 òsì, ìyẹn iṣan tó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀, lòun fura sí.

Rìpọ́ọ̀tù dé, dísìkì mẹ́ta ló wú níbẹ̀, èyí tó sì wú jù wà lápá ọ̀tún ní L3/L4, láàárín eegun ìbàdí kẹta àti ìkẹrin! Àyà mi já, àbúrò mi ti ń wá ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ kiri. Àmọ́ dókítà tó ka àwòrán ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èyí kékeré tó wà ní L5/S1, nísàlẹ̀ pátápátá, tó fara kan iṣan òsì, ló bá ohun tó wà nínú lẹ́tà mu. Gbólóhùn kan yẹn tó owó tí mo san. Físíò àti oògùn ni wọ́n fún màmá, ẹsẹ̀ ti ń fúyẹ́.

Nínú yàrá MRI, wọ́n bá pín-ìnì kan nínú gèlè màmá, wọ́n ní kí wọ́n tú u, torí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ń fa irin nígbà gbogbo, kódà tí wọn ò bá ya ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkàn lù déédéé, láyà kó tètè sọ. Ariwo ẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á fún yín ní nǹkan tẹ́ẹ máa fi dí etí, wọ́n á tún fi bẹ́ẹ̀lì sí yín lọ́wọ́ tẹ́ẹ máa tẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà yín.

Ibi tí wọ́n kù sí ni àkókò, wọ́n ní ká wá láàárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó kàn wá torí ọ̀rọ̀ iná àti jẹnẹrétọ̀. Rìpọ́ọ̀tù wọn náà le jù fún aláìsàn láti kà, ìlà méjì tó yéni ò bá ti dáa. Kẹ́ẹ sì bèèrè CD àwòrán yín o, àwa ò mọ̀ pé ó yẹ ká gbà á, dókítà sì ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i, ló bá di pé a tún padà lọ Alágbàká.